Ìró tí Mo Gé

Màámi,

Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ti kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ló kú, nígbà òjò ọdún tó kọjá, nínú yàrá wa ní Oregbeni níbí. Èmi ni mo fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Fọlákẹ́, àkọ́bí wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé n kò rí ilé ìwé lọ. Mo ti ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, títí kan èyí tó máa dùn ún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa ṣe ìrántí ọdún kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ fẹ́ ra léèsì fún mi ní Sapele Road. Mo kọ̀. Ta ni mo fẹ́ fi aṣọ tuntun hàn?

Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ògbólógbòó aṣọ di tuntun. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń tú ọrùn bùbá Bàbá, tí ẹ ó yí inú rẹ̀ síta? Bí ọdún bá kù díẹ̀, ẹ ó kó gbogbo aṣọ wa tó ti ṣá sínú ìkòkò aró, a ó máa pè é ní aṣọ ọdún. Aró á yí mọ́ wa lọ́rùn, a ó sì máa yan kiri.

Mo mú abẹ́rẹ́ Àṣàkẹ́. Mo yí ọrùn bùbá méjì. Mo gé ṣòkòtò tó ya lórúnkún kúrú, mo fi èyí tí mo gé kúrò ṣe àpò sí dàńṣíkí. Wọ́n dára. Ìyẹn ló kì mí láyà. Mo ṣí àpótí rẹ̀ láti wá ohun tí mo lè fi pààrọ̀ ẹ̀yìn bùbá funfun mi tó ti gbó. Àdìrẹ kan ló wà lókè. Mo rò pé bí mo bá wọ aṣọ rẹ̀ lọ síbi ìrántí rẹ̀, á dà bíi pé a jọ lọ ni. Mo gé e sí méjì, mo fi ìdajì kan ṣe ẹ̀yìn bùbá náà.

Ẹ máa ń rán òwú pupa sí etí aṣọ tí ẹ bá pa láró. N kò wo etí kí n tó gé e. Ìró tí ẹ fún Àṣàkẹ́ kó fi pọn Fọlákẹ́ ni, lọ́dún tí ẹ kú. Kí òun náà tó kú, ó sọ lójú mi pé Fọlákẹ́ ló ni ín. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Nígbà tí Fọlákẹ́ ti ilé rẹ̀ ní Ugbor dé, mo ti wọ bùbá náà. Ọmọ rẹ̀, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, ń fi Píjìn yìn mí pé mo gbayì. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀yìn mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bú mi. Ì bá bú mi ni.

Fọlákẹ́, má dá bíírò dúró. Kọ ọ́.

Màámi, bí ẹ bá gé aṣọ ẹlòmíràn ní àṣìṣe, kí lẹ máa ń ṣe? Ìyẹn nìkan lẹ kò kọ́ mi.

Bùbá náà rèé lórí àga. Ìdajì ìró tó kù rèé. Bó bá wu Fọlákẹ́, kó tú u, kó rán ìró rẹ̀ pọ̀ padà, kí n wọ ògbólógbòó lọ. Bó bá wù ú, kí n wọ̀ ọ́. N kò ní bá a sọ ọ́ mọ́. Mo ti fi abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí aró yín ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.