Páwà Páàkì tí Kàmálù Ní Kí N Rà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìrí mi. Àsàlámù àlékùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Bàbá wa Lémọ́mù, mo kí àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń bá yín bó ẹ̀gẹ́, mo kí gbogbo ará Ẹ̀sìẹ́ tó bá béèrè mi.

Ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé wa. Àwa obìnrin tí a fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá wa, tí a wá ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, a pọ̀ gan-an. Mo bi Kàmálù ọmọ mi bóyá kí n kọ ọ́. Ó ní kò burú, pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí òun sọ ọ́ lójú yín lọ. Ó ní kí n ṣáà má fi fọ́tò òun sí i.

Òtútù ti wọlé níbí. Òòrùn ń yọ bí ẹni tí wọ́n fipá jí. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ń ṣe. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń bá wọn wá awò ojú tó wà lórí wọn. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, bí mo bá ti wọlé, á béèrè Kàmálù lọ́wọ́ mi, ṣé ó ti dé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo sọ fún un pé kò ní í wá mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé, ó tún bi mí.

Ìyá mi, ẹ ti bi mí títí lórí fóònù pé kí ló dé tí mi ò dárúkọ fisà Kàmálù mọ́. Ńṣe ni mò ń yí ọ̀rọ̀ náà dànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ kọ̀ǹpútà tó ń tò jọ sí yàrá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó ń kó irin wọlé bí alágbẹ̀dẹ. Kọ̀ǹpútà géèmù ni. Ohun tó ń rí níbi tó ti ń tún fóònù ṣe ní Òmù-Àrán lẹ́yìn ilé ìwé ló fi ń ra ẹ̀yà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ó ń wá wọn lọ dé Ìlọrin. Ohun tó wá kù ni páwà páàkì, àpótí irin tó ń gba iná lára ògiri, tó sì ń pín in fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ò fẹ́ ra tòkunbọ̀ ìyẹn, torí bí páwà páàkì bá jóná, ó lè mú gbogbo ohun tí òun ti rà lọ. Ó wá ní kí n bá òun wá tuntun níbí.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá pe Kàmálù, ọ̀rọ̀ wa kì í gùn. Á kí mi, á ní ara òun le, á ní ilé ìwé ń lọ dáadáa, á gbé fóònù fún yín. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ páwà páàkì yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí. Màá wà nínú bọ́ọ̀sì, màá máa lọ síbi iṣẹ́, fóònù á dún. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣírò wáàtì: ká wo iná tí káàdì àwòrán ń jẹ, ká ro ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ká wá fi àlékún sí i kó má baà máa mí hẹlẹ. Ó ní wáàtì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti tó òun, pé ẹni tó bá ní kí n ra ìlọ́po méjì rẹ̀ fẹ́ tà mí lọ́jà ni. Ó ní kí n má wo ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí nìkan, torí àwọn kan ń parọ́. Ó ní kí n gbé e wò lọ́wọ́; èyí tó bá fúyẹ́ bí agolo bisikíìtì òfìfo, kí n fi í sílẹ̀. Mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbé àpótí sókè sódò, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọmọ mi ti ń padà bọ̀ sọ́wọ́ mi.

Mo wá rí ọ̀kan tó dára, tí kò sì wọ́n. Mo ya fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Lójú ẹsẹ̀ ló pè mí. Ó ní kì í ṣe èyí. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní kí n wo ibi tí wọ́n kọ iná tó lè gbà sí, pé láti igba fólítì sókè ni. Ó ní iná Ẹ̀sìẹ́ kì í dé igba nírọ̀lẹ́. Bí gbogbo ilé bá ti tan nǹkan wọn, gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná. Ó ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún fólítì ni kí n rà, kó lè máa bá iṣẹ́ lọ bí iná bá rẹlẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, ìwọ Kàmálù tó o máa wà lọ́dọ̀ mi kí ooru tó dé? Iná ibí kì í rẹlẹ̀, kì í sì í lọ. Kí lo fẹ́ fi ti Ẹ̀sìẹ́ ṣe?

Mò ń gbọ́ adìẹ yín lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá rọra sọ pé, “Ẹ ṣáà bá mi ra èyí tó lè gba iná Ẹ̀sìẹ́.”

Ìyá mi, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Mo jókòó sórí àga tó wà fún àwọn oníbàárà. Ọmọbìnrin tó ń tajà wá bi mí bóyá mo fẹ́ omi. Mo bi Kàmálù bóyá kò fẹ́ wá. Ó ní ó ti pẹ́ lọ́kàn òun, òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ ni. Mo bi í bóyá ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ. Ó ní rárá o, pé gbogbo ìrun ni ẹ fi ń tọrọ pé kí ọ̀nà òun là. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe àdúrà náà tán, ẹ máa ń pẹ́ lórí ẹní kí ẹ tó dìde. Mo ní ṣé nítorí yín ni. Ó ní kì í ṣe nítorí yín nìkan. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló mọ òun, òun náà mọ gbogbo wọn. Òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Òmù-Àrán, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì wà. Ó wá ní, “Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ilé yín. Ṣé ẹ máa bínú sí mi ni?”

Mo ní mi ò bínú. Òótọ́ ni mo sọ. Ìbínú kọ́ ló wà nínú mi.

Mo gbé ti àkọ́kọ́ padà sórí pẹpẹ, mo ra èyí tó fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe àwọn àgbà lé e lórí. Ẹ má fi ẹkún tì í wọ bàálù. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí kò síṣẹ́, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Kò tíì lè gé èékánná ara rẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tó máa wọlé tọ̀ mí wá ni mò ń ṣiṣẹ́ dè. Mo gba ilé oníyàrá méjì. Mo ra bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ ẹ, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ orí rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn síbẹ̀. Mo ti kọ̀wé báyìí pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ fisà náà dúró.

Alhaji kan, ará Òmù-Àrán, tó ń bọ̀ wálé fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló bá mi gbé páwà páàkì náà wá. Lọ́jọ́ tí Kàmálù fẹ́ tò ó pọ̀, ó pè mí, ó gbé fóònù ti ògiri kí n lè máa wò ó. Ó so wáyà, ó fi nọ́ọ̀tì dè é, ó tẹ bọ́tìnì. Fáànù yí, iná pupa àti búlúù tàn nínú rẹ̀. Ó pariwo pé, “Ìyá! Ìyá, ẹ wá wò ó!” Ẹ mọ̀ pé láti kékeré, ẹ̀yin ló ń pè ní Ìyá, Àǹtí ló ń pe èmi. Kò dùn mí rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo ti dáhùn kí n tó mọ̀. Mo ní, “Mò ń wò ó, ọkọ mi.” Kò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sáré wọlé, ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ń bi í pé ṣé kò ní í jó ilé. Ó dì mọ́ yín. Mò ń wò yín títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já.

Ọlọ́hun á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, á fún yín ní ojú tí yóò máa ríran. Oko yín á mú jáde. Kàmálù á dàgbà dàgbà, á ṣoríire níbi tó yàn, ẹ ó sì jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Kọ̀ǹpútà ti pé báyìí, kò sí ẹ̀yà kankan tó kù tó fẹ́ kí n bá òun wá. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó ṣì máa pè mí, bí kò tilẹ̀ ní ohun tó fẹ́ rà.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Àlímọ́tù Àbẹ̀kẹ́