Ìpápánu Tí Mo Jẹ Lórí Ẹ̀rọ

Ìyá mi,

Ara mi le dáadáa ní ìlú Hsinchu níbí, ẹ má mikàn. Ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Po-hsun ọkọ mi ṣe. Ká ní wọn ò gbà á ni, wọn ì bá lé e.

Ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n máa ń gbé àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé lé orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, wọ́n gbà pé ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa gbọ́ràn. Èmi tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un kò mọ̀, ebi ń pa mí, mo bá jẹ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ dákú!

Ọ̀gá wọn pariwo, "Ìyàwó wa, oúnjẹ ẹ̀rọ lo jẹ yẹn o! Ṣé ó tiẹ̀ dùn?"

Ojú tì mí. Po-hsun yẹ ẹ̀rọ wò, ó ní, "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀, èmi ni mo jẹ̀bi."

Ètò kékeré tó kọ fún káàdì kan nínú kọ̀ǹpútà náà ló dí ọ̀nà tí gbogbo káàdì jọ ń gbà ránṣẹ́, tó tún ṣí i, tó sì yan ìyára tuntun fún ọ̀nà náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn káàdì yòókù bá dákú. Po-hsun bá pín iṣẹ́ náà: ètò kékeré yóò kàn sọ pé káàdì òun dákú àti ìyára tí òun lè gbà; ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà lódindi ni yóò kìlọ̀ fún àwọn yòókù, kó tó dí ọ̀nà náà, kó sì tún ṣí i. Wọ́n gbà á lánàá!

Ìyá ọkọ mi tí kì í rẹ́rìn-ín sí mi pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Mo ti gbé àpò aláwọ̀ ewé kan ti fóònù mi, kó má baà dákú lọ́jọ́ tí ẹ bá pè.

Ọmọ yín,
Nhàn