Písà Aláìwú Àjàní Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Òrìṣà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa, ẹ sì kú làálàá oko ọsàn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà fún ẹ̀yin àti bàbá mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn ìyàwó ilé lápapọ̀. Mo kí Ìyá Ìlọràá náà, àbúrò yín, nítorí pé bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, ẹ ò kọ́ mi pé kí n fo àgbà kọjá nínú ìkíni.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí lẹ́tà mi. Ìyá Ìlọràá ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sí gbangba. Wọ́n dìde nínú ìsìn, wọ́n jẹ́rìí fún gbogbo ìjọ pé àwọn fi àdúrà já ìdè òrìṣà lára ọmọ mi, àti pé ìwọ̀sí ni èmi ìyá rẹ̀ fi san án fún àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ti Ìlọràá dé Awẹ́, ó dé Fìdítì, ó sì wá bá mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Wàyí o, ẹ̀yin náà wá kọ̀wé sí mi pé kí n tọrọ àforíjì. Mo ka ìwé náà tán, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e, ohun kan náà ló ṣì ń sọ. Ẹni tó bá ń ka eléyìí fún yín, ẹ ní kó kà á sókè kí àwọn ará ilé lè gbọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ara Àjàní ọmọ mi, ọkọ yín, kò gba ìwúkàrà, ìyẹn nǹkan tí àwọn oníbúrẹ́dì ń fi sínú ìyẹ̀fun kó lè wú. Tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á há, mímí á wá di ìjàkadì. Dókítà sọ fún wa pé kó má tilẹ̀ fẹnu kàn án.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Gbogbo ọjọ́ ìbí tí wọ́n bá pè é sí níbí, písà ni wọ́n ń gbé fún àwọn ọmọdé. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n da ọbẹ̀ tòmátì àti wàràkàṣì lé lórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa jẹ, tèmi á jókòó pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo dì fún un, á máa wo ẹnu wọn. Ó dùn mí wọ egungun. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni mo ti ń fọ abọ́, òtútù ibí sì ń sọ ìka mi di igi, síbẹ̀ tí a bá ti ṣíwọ́, mo máa ń dúró ti obìnrin ará Ítálì tó jẹ́ ọ̀gá wa, kó lè kọ́ mi bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun písà láìsí ìwúkàrà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, eyín lè kán nídìí rẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà rí i, ìyá mi. Nígbà tí a wálé lásìkò òjò, ẹ̀yìnkùlé yín ni mo ti ṣe é. Mo bu ìyẹ̀fun, mo fi iyọ̀ sí i àti páúdà díẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, mo ta òróró sí i, mo sì fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó títí kò fi lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́. Mo dé e kó sinmi díẹ̀, mo wá fi ìgò yí i kó tẹ́. Nígbà tí a ò ní ààrò òyìnbó, ẹ̀yin lẹ gbé ìkòkò irin kaná, ẹ da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kó ẹyin iná sórí ìdérí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kéèkì Kérésìmesì. Wàrà tí a rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní la rún lé e lórí. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ ní ata nìkan ló kù kó tó pé. Àjàní rẹ́rìn-ín títí.

Ìlọràá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú un lọ kí àbúrò yín bó ti yẹ. Pọ́fù-pọ́fù ni wọ́n ń dín tà, ìwúkàrà ló sì ń wú u. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé ara ọmọ náà kò gbà á. Àmọ́ nílé wa, tí wọ́n bá ní ọmọ kan kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan, kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe èèwọ̀? Ilé oníṣàngó ni wọ́n fẹ́ Ìyá Ìlọràá sí. Nígbà tí wọ́n wọ ìjọ Aládùúrà, wọ́n se ẹ̀wà sèsé tí ilé ọkọ wọn kì í jẹ, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n jẹ ẹ́, nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbà pé kò sí oúnjẹ tí àdúrà kò lè sọ di jíjẹ. Mo yà lọ kí ìyá arúgbó tó wà nílé kejì. Kí n tó dé, wọ́n ti gbàdúrà sórí pọ́fù-pọ́fù, wọ́n ti bù ú fún ọmọ mi. Àjàní sọ fún wọn pé òun kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó jẹ ẹ́ lórúkọ Jésù. Ọmọ tí mo kọ́ pé a kì í já àgbà níyàn, ó jẹ ẹ́.

Mọ́tò tó kó ọsàn ló gbé wa dé ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́. Orí àpò ọsàn ni mo jókòó sí, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń súfèé. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ìyá Ìlọràá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń tù mí nínú pé òrìṣà ló ń jà kó tó lọ, pé tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo gbọ́ tí ojú mi fi ṣú. Mo pariwo mọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn pé kò ní sí ẹ̀ẹ̀kejì, pé kí wọ́n gbé ọwọ́ wọn kúrò lára ọmọ mi. Ìwọ̀sí tí wọ́n ní mo fi wọ́n nìyẹn.

Ìyá mi, ṣé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni? Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, nítorí ọ̀tá kò lè rí àyè bu oúnjẹ fún un. Ọlọ́run tí wọ́n ń sìn ló pàṣẹ àkàrà aláìwú fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, wọn kò sì fi àdúrà lé ìyẹn jáde. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ lè ṣètùtù. Eléyìí kò ní ètùtù.

Òun àti èmi nìkan la jọ wà níbí. Nígbà òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó mú un délé, a kì í sì rí ẹni kí wa kú àbọ̀. Torí kó lè mọ̀ pé òun ní èèyàn ni mo ṣe ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti padà dé, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí èmi tí mo bí i bá gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ojú mi ló kọ́kọ́ ń wò, á wá bi mí bóyá ohun tí kì í jẹ́ kí òun mí wà níbẹ̀.

Ẹ ní ẹ fẹ́ rí i ní Kérésìmesì. A ó wá. Àmọ́ ọ̀dọ̀ yín ní Fìdítì la ó dé sí, kí Ìyá Ìlọràá wá bá wa níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn po ìyẹ̀fun písà aláìwú náà níwájú Àjàní, kó rí gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bù ú jẹ, kí wọ́n tó nawọ́ rẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, tó sì jẹ ẹ́ láì wo ojú mi, ọjọ́ náà ni n ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, níwájú ìjọ tí wọ́n ti jẹ́rìí gan-an.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ, ilé kò ní dàrú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Àjàní ní kí n kí ìyàwó òun, kí ẹ má jẹ́ kí yanrìn ìkòkò náà dànù.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́