Oúnjẹ Ítálì Tí Kò Lẹ́ran

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Karùn-ún 2025
Sìmẹ́ǹtì tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló tún rà – ìkẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Dáramọ́lá lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì l'Éwékorò, ìyàwó rẹ̀ ti kú, bí ọkọ tèmi náà ṣe kú. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mi ò tíì dáhùn. Mi ò lè fẹ́ ahun mọ́. Mo ti bá ọ̀kan gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí Ọlọ́hun foríjì í.

Ó ní ká lọ jẹun ní Àbámẹ́ta, nílé oúnjẹ Ítálì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Adigbe.

Ẹtì, 9
Àsmá'ù ọmọ mi bá mi yẹ ibẹ̀ wò lórí fóònù. Wọn kì í se ẹran. Wọn kì í se ẹja. Ó dáa, ẹlẹ́dẹ̀ ò lè sí níbẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tó ń wáyàwó, ibi tí kò sẹ́ran ló rí! Ahun ni.

Mo dín ẹran sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 10
Ojú tì mí lónìí.

Lasáńyà ni wọ́n gbé wá. Ikàn àti wàrà, wọ́n tò ó léra bí aṣọ inú àpótí. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n eyín mi ń wá iṣẹ́. Mo tú náílọ́ọ̀nù inú báàgì mi, mo da ẹran sáwo. Òórùn gba gbogbo ilé.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ sáré dé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwa kì í jẹ ẹran níbí.”

Èèwọ̀ ni mo gbọ́. Mo rọra bèèrè pé ìdílé wo. Ó ní rárá mà, fẹjitéríànì làwọn. Mo ní mo mọ ará Kẹ́mta, mo mọ ará Ìkijà, apá ibo l'Ẹ́gbàá ni Fẹjitéríà wà? Tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín.

Sìmẹ́ǹtì ní, “Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo lẹran.” Ọmọ náà ní kí wọ́n dà á nù tàbí kí wọ́n lọ jẹ ẹ́ níta. Sìmẹ́ǹtì ní òun ò lè dà á nù. Ó gbé e jáde, ó dúró síwájú géètì, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Àìkú, 11
Kò pè.

Ajé, 12
Mo pè é, kò gbé e. Ó ti rí obìnrin tó ń kó ẹran sí báàgì, ó ti sá. Kò dùn mí.

Irọ́ ni. Ó dùn mí gan-an.

Ìṣẹ́gun, 13
Mo wọkọ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Ewékorò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Oyíndà, ló ṣílẹ̀kùn. Sìmẹ́ǹtì wà lórí àga, ẹsẹ̀ ọ̀tún wú, kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Oyíndà ní láti oṣù Kejìlá ni dókítà ti ka ẹran léèwọ̀ fún un, ẹran ló ń mú ẹsẹ̀ náà wú. Ìdí tó fi wá ilé oúnjẹ yẹn kàn nìyẹn, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ fún mi. Ahun kọ́.

“Ta ni òpònú tó wá fún wọn lẹ́ran jẹ?” Oyíndà ń bi mí. Mo gbójú sókè àjà. Sìmẹ́ǹtì náà ń wo òkè àjà.

Oyíndà wá ní, “Ẹ má bínú mà, kí lẹ jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi?”

Mo ní ìyàwó wọn ni mí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sìmẹ́ǹtì náà máa gbọ́ nìyẹn. Ó fò dìde, ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́.