Àwo Mélòó Kí Ìkànnì Wa Tó Ṣí?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo ti di ìyàwó ilé! Mo jí, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń hanrun. Ọkọ mi. Ìwé, ṣé o gbọ́? Ọkọ mi! Mo lè kọ ọ́ kún ojú ewé yìí, ta ni yóò mú mi?

Káfíńtà ni. Àga ló ń ṣe. Òun ló ń gé e, òun ló ń kàn án, òun ló ń fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi máa dán bí orí pípá. Ìkànnì ni iṣẹ́ tèmi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló bá wa ṣí ìkànnì náà — Olójú-mẹ́rin ni mò ń pè é níbí, nítorí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife — èmi ni mo sì ń gbé fọ́tò àga síbẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí i.

Ìròyìn ńlá! Màdámù Kánjú pè. Òun ló ni iléèwé kan, ó ń wá ọgọ́ta àga fún yàrá ìkàwé. Ọgọ́ta! Ṣùgbọ́n ó ní òun tẹ ìkànnì wa láàárọ̀, ó kàn ń yípo, òun gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, òun lọ sí ìpàdé; fóònù ẹlòmíràn ló fi ń pè wá láti ibẹ̀. Ó ní òun yóò tún wò ó ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá ṣí kí òun tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun ń lọ sọ́dọ̀ káfíńtà mìíràn nìyẹn.

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ẹ̀rín tán. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú mìíràn ti ń pè é kó wá máa bá àwọn ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni yóò máa wálé. Ó ní bí ọgọ́ta àga yìí bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun yóò lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń sùn sí ni!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Màmá — ìyá ọkọ mi, a jọ ń gbé — ní kí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ká mọ bó ṣe ń pẹ́ tó. Aago rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó tẹ ìkànnì wa, ó sì kó ọwọ́ bọ omi ọṣẹ. Bí èyí ṣe ń yípo ni òun ń fọ àwo.

Nígbà tí àga àkọ́kọ́ yọjú, Màmá kígbe sí wa pé, "Àwo mẹ́sàn-án, ife mẹ́rin, ìkòkò kan! Ìyàwó mi, bí èèyàn bá fẹ́ wo àga mẹ́wàá, ó máa yá àwo aládùúgbò fọ̀ ni."

Ọkọ mi fi pẹ́ńsùlù kọ "mẹ́sàn-án" sára ògiri. Àwo la ó máa fi wọ̀n ọ́n láti òní lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó fi ẹnu kò mí níwájú orí kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí ìròyìn mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Olójú-mẹ́rin wá. Ó wo àwọn fọ́tò àga tí mo gbé síbẹ̀, ó di orí mú. Àṣé fọ́tò kọ̀ọ̀kan tóbi tó èyí tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara ilé alájà mẹ́ta! Ó ní fóònù ẹni tó bá fẹ́ wo ìkànnì wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ru gbogbo ẹrù tó wà níbẹ̀ wálé, a sì ti di òkúta lé e lórí.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dín fọ́tò kù kí a tó gbé e síbẹ̀. Mo gé, mo fún, mo gé, mo fún — ogójì àga! Ọrùn ń ro mí. Màmá tún wọ̀n ọ́n.

Àwo méje.

Olójú-mẹ́rin họ orí. Ó ní nǹkan mìíràn ṣì wà níbẹ̀ tó wúwo. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bá yára lọ ká aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ fún.

Fọ́tò ìgbéyàwó wa wà lórí ìkànnì. Gbogbo rẹ̀. Igba ó lé mẹ́rìnlá. N kò lè yan! Èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ti ń làágùn, èyí tó ti di ojú bí ẹni tó fẹ́ sín — gbogbo rẹ̀ ló rẹwà! Mo tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àga tó kẹ́yìn, mo ṣe wọ́n kéékèèké bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn yóò rò pé ọ̀ṣọ́ etí aṣọ ni.

Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ wúwo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo yọ fọ́tò méjì kúrò. Àwo méje. Mo dá ọ̀kan padà. Ó wuyì jù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọkọ mi gbé àpò ìrìn-àjò rẹ̀ jáde. Ó ní eruku rẹ̀ lòun kàn fẹ́ gbọ̀n. Ta ló ń gbọn eruku àpò lọ́jọ́ ìsinmi?

Nígbà tó wọlé lọ wẹ̀, mo gbé àpò náà sá, mo tì í sábẹ́ ibùsùn Màmá. Màmá rí mi. Ó fi ẹsẹ̀ tì í wọlé sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Olójú-mẹ́rin. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ojú lásán ló fi kéré o. Bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wúwo." Igba ó lé mẹ́tàlá fọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí ara ilé alájà mẹ́ta! Ìdùnnú mi ló fẹ́ lé ọkọ mi lọ sí ìlú mìíràn.

Mo bẹ Olójú-mẹ́rin kó má sọ fún ọkọ mi. Ó bọ́ dígí, ó nù ún, ó mí kanlẹ̀: "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pa mí."

Báwo ni "ẹ̀yin méjèèjì"? Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ẹnì kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sórí àga tí kò tíì ní ẹ̀yìn. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òun náà ní. A jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ti ẹnì kejì. A tún un sọ.

Fídíò ni tirẹ̀! Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, èrò bò mí mọ́lẹ̀ — mi ò ga, kí n má purọ́ — ayàwòrán ò rí mi. Ọkọ mi gbé ọ̀kan nínú àga rẹ̀ wá, ó gbé mi gùn ún. Mo jó lórí rẹ̀ títí wọ́n fi ń bẹ̀ mí kí n sọ̀ kalẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú! Odindi ogún ìṣẹ́jú yẹn ló lọ gbé sí òkè ìkànnì, lẹ́yìn orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Àpótí dúdú tí mo ń rí níbẹ̀, mo rò pé ọ̀dà ni! Kò ṣí lójú mi rí. Ó ní òun máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, òun á máa fági lọ, tó bá fi máa di ọ̀sán, mo ti ń jó.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sunkún. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ṣé o rí ọkọ tí mo fẹ́?

Ṣùgbọ́n méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ní ṣọ́ọ̀bù Olójú-mẹ́rin, mo ń yọ tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ó dàbọ̀. Nígbà tó di àádọ́rin, Olójú-mẹ́rin ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà nílé." Ó fi ibi tí a ti ń yọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ hàn mí. Mo di ojú, mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi tẹ tirẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan iná.



Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Màmá tẹ ìkànnì, ó na ọwọ́ sí àwo — ó ti ṣí! Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kan omi! Ọkọ mi gbé mi yí po nílé ìdáná, a fọ́ ife kan.

Màmá nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní, "Ta ló wá fẹ́ fọ gbogbo àwo yìí báyìí?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Màdámù Kánjú pè. Ó ní ìkànnì ṣí kí òun tó mí rárá. Mo ti fẹ́ fò sókè. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ibo lẹ gbé obìnrin yẹn lọ?"

Obìnrin wo?

Ó ní ọjọ́ Ajé tí òun gbé fóònù sílẹ̀, nígbà tí òun ti ìpàdé dé, òun bá obìnrin kúkúrú kan tó ń jó fatafata lórí àga, àga náà ò sì mì. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé òun kì í jókòó sórí àga, wọ́n máa ń gùn ún ni. Àga yẹn lòun ń wá. Òun ti wo gbogbo ìkànnì, òun ò rí i. Òun ń bọ̀ lọ́la, kí àga náà wà níbẹ̀. Kí obìnrin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo gun àga. Mo jó. Ó kúnlẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ àga lábẹ́ mi. Ó ní kí n fò. Mo fò! Àga ò dún. Ó dìde, ó gbọn eékún, ó ní ọgọ́ta, irú èyí gan-an. Ó wá bi ọkọ mi bóyá obìnrin náà wà lára ọjà.

Ọkọ mi ní, "Màdámù, ìyẹn ò sí ní títà o."

Kò lọ mọ́! Màmá ti kó òwú ìránṣọ rẹ̀ sínú àpò ìrìn-àjò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé fọ́tò kan ṣoṣo padà sórí ìkànnì: èmi, lórí àga. Mo gé e, mo fún un dáadáa. Màmá wọ̀n ọ́n, ó sì ní kí ọkọ mi kọ ọ́ sára ògiri: ìdajì àwo.

Ìdajì yẹn, èmi ni. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.