Ìdí Tí Iná Ọ̀kadà Yín Fi Kú

Bàbá mi tí kò dágbére fún wa,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà bí mo ṣe máa ń kí yín láàárọ̀ náà ni mo kí yín: ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Màámi ò fẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tó gba ọkọ lọ́wọ́ àwọn kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rewáyà, títún iná ọ̀kadà ṣe, lẹ kọ́ mi, mi ò mọ òmíràn, àwọn tó ń gun ọ̀kadà ní Baadóre sì ti mọ ojú mi. Inú ìdérí fúláàsì yín ni mo ti ń mu tíì. Ó ṣì ń rùn bíi gíríìsì.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí típà oníyanrìn ti gbá yín lójú ọ̀nà Lángbàsà, ohun kan náà ni gbogbo ayé ń wí: pé iná iwájú ọ̀kadà yín kò tàn, ilẹ̀ ti ṣú, awakọ̀ ò rí yín. Rewáyà tí kò rí iná tirẹ̀ ṣe! Wọ́n sọ ọ́ níbi fídáù yín bí ẹni pé mi ò sí níjòókòó. Èyí tó dùn mí jù ni pé Màámi gbà á gbọ́. Àìbìkítà ni wọ́n pè é. Wọn ò tíì dáríjì yín, Bàbá mi. Bí wọ́n bá ń ṣàdúà fún àwọn òkú wa lẹ́yìn ìrun, mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀, mi kì í gbọ́ orúkọ yín.

Èmi ò gbà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá ọ̀kadà náà padà, mo gbé e sábẹ́ igi fúrúùtù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí iná fi kú, bí ẹ ṣe kọ́ mi, láti ibi tó rọrùn lọ síbi tó le. Gílóòbù ò jó. Fíúsì ò já. Bátìrì ló kú fin-ín-fin-ín. Mo ṣáàjì rẹ̀, mo ta ọ̀kadà, mo fi mítà tí a fi ń wọn iná lé bátìrì. Ṣé ẹ rántí pé ẹlẹ́rìí tí kì í gba ẹ̀gúnjẹ lẹ máa ń pe mítà? Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí nọ́ńbà ojú mítà gòkè. Kò gòkè. Mo fún ẹ́ńjìnì lágbára sí i, ńṣe ni nọ́ńbà ń wálẹ̀. Ọ̀kadà ń jẹ bátìrì, kò sì sí ohun tó ń dá nǹkan kan padà sínú rẹ̀. Mo wọn kọ́ìlì, iná ń jáde lára rẹ̀ dáadáa. Ó wá ku rẹ́tífáyà, irin pẹlẹbẹ tó ń gba iná lọ́wọ́ kọ́ìlì fún bátìrì.

Mo tú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Rẹ́tífáyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Kò sí ohun ìní yín tí ẹ ò fi kútẹ́ẹ̀sì pupa Màámi sàmì sí, títí dé orí sípánà. Eléyìí ò ní àmì, ó ti jó, símẹ́ǹtì sì gan mọ́ ọn lára. Mo mọ àṣà yín: bí ọ̀kadà oníbàárà ò bá ṣáàjì, ẹ ó yọ rẹ́tífáyà tiyín tó dára, ẹ ó fi dán tirẹ̀ wò, kí ẹ tó ní kó lọ ra tuntun. Lẹ́yìn náà ẹ ó gba tiyín padà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò gbà á padà. Èyí tó kú lẹ fi dí sókẹ́ẹ̀tì kí omi má baà wọ̀ ọ́, ẹ wá gbójú lé bátìrì pé yóò gbé yín délé.

Ta lẹ fún? Mi ò mọ̀, àfìgbà tí Bọ̀dá Múfú, bíríkìlà ará Ìkirè, yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ojú sàréè yín. Kò sí Jímọ̀ kan tí kì í wá kí Màámi láti ìgbà náà.

“Ìyá Rewáyà, horn mi ò dún mọ́ o. Bá mi check ẹ̀.”

Èmi ló máa ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì pupa ni mo bá pàdé. Ó rí ibi tí mo ń wò.

“Ah, ti Bàbá nìyẹn o! Wọ́n fi ń test tèmi ni ọ̀gá wa bá call pé decking ti fẹ́ start. Bàbá ní kí n ṣì máa gbé e lọ, ká rí i tó bá dọ̀la. Ṣé kí n yọ ọ́ fún ẹ ni?”

Kò mọ̀, Bàbá mi. Kò tíì rò ó pọ̀ mọ́ ikú yín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí mo bá sọ fún Màámi, orúkọ yín á mọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu Màámi. Wọn ò ní lè pa á mọ́ra, wọ́n á pariwo rẹ̀ lé Bọ̀dá Múfú lórí, báwo ni ọkùnrin yẹn á ṣe máa gbé ayé lẹ́yìn ìyẹn? Bí mo bá sì dákẹ́, ẹ̀yin náà ni aláìbìkítà. Mo sọ fún un pé ẹ ti fi ta á lọ́rẹ. Mo tún họ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe, mo pa ìjókòó dé.

Inú ń bí mi sí yín. Kí ló dé tí ẹ ò ní kó dúró díẹ̀? Ṣé ẹ rò ó wò, àbí ọwọ́ yín kàn ti mọ́ fífúnni ni? Ṣé ẹ tiẹ̀ rántí wa?

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Múfú jẹun lọ́dọ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń lẹ́ nígbà tó ń lọ. Ó ta ọ̀kadà, iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò gba gbogbo ojúde wa. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó lọ.

“Ẹ wo iná. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹbí ẹ̀ ló ń tọ́jú ọ̀kadà ẹ̀ báyìí.”

Mo kó àwo tó fi jẹun, mo lọ fọ̀ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín kọjá sísọ.