Ìjókòó Ọ̀tún

Loretta ọmọ mi,

Ara mi le koko. Oòrùn aṣálẹ̀ Quartzsite níbí ń tọ́jú eegun mi, má dààmú.

Ọkọ̀ ń fà sí òsì, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Orrin mẹkáníìkì kó ṣe aláìmẹ́ǹtì rẹ̀, kí táyà lè dúró tọ́. O mọ̀ ọ́n, kì í jẹ́ ká sọ yàrá tá à ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀ kalẹ̀. Bá a ṣe ń rìnrìn àjò gan-an ló ń fẹ́ kó rí, kó sì wúwo: omi, ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, àtàwa méjèèjì níjòókòó. Lọ́dọọdún ni ìyá rẹ á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Orrin, ṣé ìwọ̀n ara mi lo fẹ́ mọ̀ ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Orrin wo ìjókòó ọ̀tún, ó rọra ní, "Bàbá, ṣé kí n ṣe é fún ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo?"

Mo ní, "Rárá. Ẹni méjì ni." Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta síbẹ̀, mo fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ti ń lọ tààrà. Àràárọ̀ ni mò ń de bẹ́líìtì náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Tẹ́ ẹ bá dé ibojì ìyá rẹ, ẹ bá mi fa koríko ibẹ̀ tu.

Àwa méjèèjì kí yín.

Bàbá rẹ,
Vernon